Iyanrìn Ló Wà Lọ́wọ́ Mi

Owó tí mo fi ń ra dátà lọ́sẹ̀ kan báyìí, bí o bá kó o fún mi nígbà tí a wà ní yunifásítì, ǹ bá fi jẹun títí mo fi gboyè, ǹ bá tún ra bàtà lé e. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni ìrẹsì pẹ̀lú itan adìyẹ, ìwọ náà jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n dátà yẹn ni mo fi ń rí ojú ayé lọ́dún tí mo ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun itan mi sán, tí ọmọ mi obìnrin gbé mi lọ sí ilé rẹ̀ ní Lakowe.

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ni mo fi mọ ibẹ̀. Wọ́n ń kọ́lé lọ́tùn-ún, wọ́n ń kọ́lé lósì, eruku rẹ̀ a sì máa bá mi lórí ibùsùn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kí ọmọ mi tó lọ síbi iṣẹ́ ní Free Zone, ọgbà àwọn iléeṣẹ́ ńlá, á ti ilẹ̀kùn orí àtẹ̀gùn, á kó kọ́kọ́rọ́ fún ìyá tó ń sè fún wa. “Dádì, ẹ má bínú. Dókítà ní kí ẹ má tíì sọ̀ kalẹ̀.” Èmi tí mo kọ́ ọ ní ìrìn. Láti ojú fèrèsé, mo ń rí pápá gọ́ọ̀fù lẹ́yìn ògiri, koríko rẹ̀ mọ́ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ, àwọn èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun tó níye lórí.

Gọ́ọ̀fù tèmi wà lórí fóònù, eré tí à ń fi ìka gbá. Àwa mẹ́rin tí a jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì la wà nínú ẹgbẹ́ kan: lọ́yà, dókítà ẹranko, tíṣà tó wà ní Ìlọrin, àti èmi. Gbogbo ọ̀sán Sátidé là ń bá ẹgbẹ́ mìíràn díje. Mo lè gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, ṣùgbọ́n tó bá kù díẹ̀ kó dé ihò, tó yẹ kí n rọra tì í, fíó, ó ti kọjá. Lọ́yà á ní, “Bọ́ọ̀lù lò ń gbá ni, àbí ewúrẹ́ lò ń lé?” A ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo mú kí wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní àna òun kan wà ní Kánádà tó mọ̀ ọ́n gbá. “Tí Sátidé yìí ò bá dáa, wàá fún un láyè.” Mo ní kò burú. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá yẹn. Àwọn nìkan ni n óò máa bá sọ̀rọ̀.

Mo fi ọjọ́ mẹ́rin dánra wò títí ìka mi fi ń ro mí, kò yàtọ̀. Ní Tọ́sìdeè, tíṣà pè mí.

“Kí ló dé tó o fi ń gbá a le tó bẹ́ẹ̀?”

“Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn.”

“Níbo lo ti kọ́ ọ?”

Òun náà mọ ibẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ń gbé àpò igi gọ́ọ̀fù fún àwọn olùkọ́ wa nígbà yẹn. Kò sí koríko níbi tí ihò wà lórí pápá wọn, iyanrìn tí wọ́n fi ọ́ìlì dúdú pò ni. Àwa là ń fi pátákó tẹ́ ẹ kí wọ́n tó gbá; bí wọ́n bá ti lọ, àwa náà á gbá. Iyanrìn yẹn a máa di bọ́ọ̀lù mú. Bí o kò bá fún un ní agbára, kò ní dé.

“Iyanrìn ló wà lọ́wọ́ rẹ,” ó wí. “Koríko lèyí, àgbà òṣì. Fa ìka rẹ sẹ́yìn dé ibi tó o rò, kó o wá dá a padà sí ìdajì.”

Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé kí n tó gbá, mo máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ nu ojú fóònù, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń tẹ́ iyanrìn yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọwọ́ mi ni ihò ìkẹyìn bọ́ sí. Mo nu ojú fóònù. Mo fa ìka sẹ́yìn, mo dá a padà sí ìdajì, ó ń ṣe mí bíi pé mo ń puró. Bọ́ọ̀lù náà yí lọ jẹ́jẹ́, ó fẹ́ dúró, ó ronú díẹ̀, ó wọlé. Lọ́yà ló kọ́kọ́ húkọ́: “N ó sọ fún àna mi kó jókòó sí Kánádà.”

Ní báyìí, ilẹ̀kùn orí àtẹ̀gùn ti ṣí tipẹ́. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn. Mo rò nígbà yẹn pé kò sóhun tó burú ju kí wọ́n yọ mí kúrò. N ò mọ̀ pé ẹni tó bá ṣẹ́ kù ni yàrá ń há mọ́. Orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lójú fóònù, n ò jẹ́ kí wọ́n pa ìkankan rẹ́. Tíṣà dágbére fáyé nígbà ọyẹ́. Dókítà ẹranko tẹ̀lé e kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́yà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́jọ́ mìíràn ó máa ń bi mí pé ta ni mí. Èmi náà wà.