Ẹsẹ̀ Tí Àwọn Àna Dọ̀bálẹ̀ Fún

Ní Ìfàngní, bí wọ́n bá dárúkọ Fágbèmí olóògbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń rántí. Kì í ṣe bó ṣe ń fi wọ́n rìn o. Ọjọ́ tí wọ́n já láti inú àjà ilé, tí wọ́n ń mì dirodiro lókè pálọ̀, tí odindi ẹbí láti Bánígbé sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún wọn, lọjọ́ tí à ń wí.

Ọgbọ́n àgbọ́njù ló fà á. Ní ọdún kejì tí Dàhòmè gba òmìnira, Òyìnbó Faransé kan ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní Àjàṣẹ́, Fágbèmí sì ra ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní gúrúpù. Gílóòbù kan ṣoṣo ló so rọ̀ sí pálọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti di ẹlẹ́tíríkì. Níbo ló ti kọ́ṣẹ́? Ó ti bá àwọn tó ń fa wáyà ru àkàbà rí fún ọjọ́ mẹ́rin. Aláàárù ọlọ́jọ́ mẹ́rin ló wá ń pe ara rẹ̀ ní Mùsíọ̀ Elẹkitirisẹ̀n, bí ẹ bá sì pè é ní Fágbèmí lásán, kò ní dáhùn.

Ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn àna tó wá ni gílóòbù dákẹ́. Àpínkẹ́ ìyàwó rẹ̀ yọ ọ́, ó mì ín létí, ó gbọ́ tí nǹkan ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Ó ní gílóòbù ti jó, kí àwọn ra òmíràn. Fágbèmí wò ó bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó ń kàwé. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Ìdíìrókò ni gílóòbù ti wá, gúrúpù sì jẹ́ ti Faransé. Ó ti sú iná Faransé láti máa wọ ilé Gẹ̀ẹ́sì, ó ti dúró síbì kan nínú wáyà, ó ń bínú. Ọjọ́ méjì ló fi ń wú wáyà tó rì mọ́lẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ wò láti ìdí dé orí. Àpínkẹ́ ò bá a jiyàn mọ́. Ó lọ sí Ìgólò, ó ra gílóòbù tuntun, ó fi pamọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá àwàdà. Augustin, ọmọkùnrin ará Bánígbé kan, ló fẹ́ fẹ́ Philomène ọmọ wọn, ṣùgbọ́n Àlàó, ẹ̀gbọ́n bàbá Augustin, ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò ní fẹ́ ọmọ òpùrọ́. Iná tí Fágbèmí fi ń yangàn káàkiri, òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Bí kò bá tàn, àwọn ń lọ nìyẹn. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ pé, Philomène ò fẹnu kan oúnjẹ láti àárọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gúrúpù ń pariwo lẹ́yìn ilé, pálọ̀ ti ń ṣú, Fágbèmí bá gun inú àjà lọ láti lọ pẹ̀tù sí iná nínú. Ikán ti jẹ pákó àjà. Ó dá pẹ́kẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ sí pálọ̀, ìdí rẹ̀ há sókè. Ìgbà náà gan-an làwọn àna wọlé.

Àna kì í jókòó láìkí bàbá ìyàwó. Àlàó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá rọra dọ̀bálẹ̀. Àwọn mẹ́fà tó kù tẹ̀lé e. Dípò kí Fágbèmí ké pé kí wọ́n gba òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí súre látòkè. Ó súre fún Augustin, ó súre fún oko wọn, ó súre dé orí adìyẹ wọn. Bí bàbá ìyàwó bá sì ń súre, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kò gbọdọ̀ gbórí sókè.

Àpínkẹ́ rí i pé gbogbo ojú wà nílẹ̀. Ó gun àpótí, ó yọ gílóòbù tó jó, ó fi tuntun sí i. Pálọ̀ mọ́lẹ̀ kedere.

“Ọwọ́ mi ti bà á!” ni Fágbèmí wí láti inú àjà. “Àna mi, ẹ dìde, kẹ́ ẹ wá rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹ́tíríkì.”

Àlàó dìde, ó wo iná títí, ó ṣí fìlà. Wọ́n jókòó, wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìgbà tí wọ́n mú ọjọ́ tán ni wọ́n tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n fa bàbá ìyàwó yọ.

Odindi ọdún méjìlá ni Fágbèmí fi sọ ìtàn yìí, ọdọọdún ni irọ́ tuntun sì ń kún un. Nígbà tó yá, ó ní iná náà bá òun sọ̀rọ̀. Bó bá sì sọ ọ́ tán, á yíjú sí ìyàwó rẹ̀ pé kó wá jẹ́rìí òun. Àpínkẹ́ á ní òótọ́ ni.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin ín, Àlàó tún sọ ìtàn náà, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Philomène, tó rí ìyá rẹ̀ lórí àpótí lọ́jọ́sí, fà á sí kọ̀rọ̀, ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ òtítọ́ fún bàbá òun rí.

Àpínkẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Aláìgbọ́n ni bàbá rẹ, kò mọ nǹkan kan nípa iná,” ó wí. “Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ń sọ ọ́, ojú mi ló ń wò. Láti ọjọ́ mẹ́jọ yìí, kò sẹ́ni tó ní kí n wá jẹ́rìí òun.”