Ojú Tuntun Bàbá Mi àti Ojú Ọrun

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí bàbá mi fi pè mí lórí fóònù pé àwọn rí ìka ẹsẹ̀ alángbá.

"Ẹ rí kí ni?"

"Ìka ẹsẹ̀ alángbá! Ó wà lára ògiri níbí. Márùn-ún ló ní. Ṣé o mọ̀ pé márùn-ún ni?"

Mi ò mọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú ni, níbi tí mo ti ń gé bébà, tí mo sì ń di ìwé fún àwọn atẹ̀wé. Mo jókòó lórí òkìtì bébà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹta nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ ojú fún bàbá mi. Fún ọdún mẹ́rin ni awọ funfun kan fi bo ẹyin ojú wọn méjèèjì, tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ife omi lórí tábìlì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ríran padà, wọn ò jẹ́ ká sinmi mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàápàá, wọ́n tẹjú mọ́ màmá mi títí, wọ́n ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ìgbà wo lo hu ewú tó báyìí?" Màmá mi ní, "Ìgbà tí ẹ ò ríran ni."

Iṣẹ́ títo lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé ni bàbá mi fi tọ́ wa, ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ Òkè-Ògùn ni wọ́n. Nígbà kan, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn tí wọn kì í lọ sílé láti bá àwọn àbúrò wọn dọdẹ ọ̀yà, nígbà tí iná bá ti jó igbó tán. Nígbà tó yá, ìbọn ba èjìká wọn jẹ́. Àbúrò mi tó wà lókè òkun wá gbé ọrun kan wá fún wọn, kì í ṣe ọrun onígi tí a mọ̀. Ó ní kẹ̀kẹ́ kékeré lókè, ó ní òmíràn nísàlẹ̀, kí okùn má bàa wúwo lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọrun náà wà látìgbà náà, nítorí kò sí ojú tí wọn yóò fi ta á.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ alángbá ni wọ́n sọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pè mí gan-an. "Dókítà ní mo lè ṣe ohun tó bá wù mí báyìí. Mo ń lọ sígbó lọ́dún yìí. Ìwọ náà ń bọ̀. Ojú ọrun nìkan ló kù tí a máa lọ rà."

Ojú ọrun ni bàbá mi ń pe irin kékeré tí wọ́n máa ń dè mọ́ ọrun, èyí tí èèyàn ń wò láàárín rẹ̀ kó tó mọ ibi tí ọfà máa bà. Màmá mi wà nínú yàrá, wọ́n gbọ́ ọ sí ojú ọ̀run. Mo gbọ́ ohùn wọn nínú fóònù: "Ojú ọ̀run kẹ̀? Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe lójú ọ̀run? Ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe fún yín, ẹ ò tíì lò ó gbó!"

Ọkùnrin kan tó ń ta ohun eré ìdárayá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé oríṣi ojú ọrun méjì kalẹ̀ fún wa. Àkọ́kọ́ dúró sójú kan, kì í yí: abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ ewé fún ogún ìṣísẹ̀, pupa fún ọgbọ̀n, yẹ́lò fún ogójì. Èkejì ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, àmọ́ ó ní ìdè kan tí èèyàn máa yí kí abẹ́rẹ́ náà tó bọ́ sí iye ìṣísẹ̀ tó fẹ́.

"Bàbá, ẹ lọ fi méjèèjì dánra wò," ni ó wí. "Tó bá di ọjọ́ Ajé, kí ẹ dá ọ̀kan padà fún mi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo di àwọn bébà kàlẹ́ńdà alámùúwòrán tí àwọn atẹ̀wé tẹ̀ bàjẹ́ jọ ní ṣọ́ọ̀bù, ó nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì, mo fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e lọ sílé wọn ní Bàrígà. A gbé e ti ògiri ní ẹ̀yìnkùlé. Bí mo ṣe tú ìbòrí rẹ̀, ìyàwó àti ọkọ kan ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí wa lára bébà.

Màmá mi ní, "Rárá o. Ẹ ò ní ta ọfà lu ìyàwó oníyàwó lójú mi."

Mo ṣí ewé kejì. Pásítọ̀ ni, ó gbé Bíbélì dání. Mo ṣí òmíràn, Alhájì kan tó ń ti Mẹ́kà bọ̀. Mo tún ṣí òmíràn, àwọn ìbejì tó pé ọdún kan, wọ́n dé fìlà. Bàbá mi ti jókòó sílẹ̀, wọ́n di ikùn mú, ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn bébà tó funfun la padà lò. Màmá mi mú èédú, wọ́n ya ọ̀yà sí i.

"Ọ̀yà kọ́ nìyí," ni bàbá mi wí. "Bàtà ọlọ́pàá ni."

A kọ́kọ́ lo èyí tó ń yí. Bàbá mi ka ìṣísẹ̀ wọn, wọ́n yí ìdè sí ogún, wọ́n fa ọrun. Páà! Àárín bàtà ọlọ́pàá gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ta á, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bà. Èmi náà ta á, ó bà. A bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Màmá mi káwọ́ gbera, wọ́n ní, "Ṣé ọ̀yà máa dúró kí ẹ ka ìṣísẹ̀ yín tán?" Wọ́n ní ká gbé bébà náà sórí ọmọlanke tí a fi ń pọn omi, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n wá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri ilé ìdáná, wọ́n ń fà á. Bàbá mi ń yí ìdè kíákíá. "Dúró ná! Dúró, mo ní kó o dúró!"

"Ọ̀yà ti dé Ìkòròdú o!" ni màmá mi kígbe láti ẹ̀yìn ògiri.

A pààrọ̀ rẹ̀ sí alábẹ́rẹ́ mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá mi kò yí nǹkan kan. Bí ọmọlanke ṣe ń lọ, wọ́n kàn wò ó, wọ́n ta á, ó wọlé. Ó wá kan èmi. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Yẹ́lò ni mo lò níbi tó yẹ kí n lo ewé, ni ọfà bá fò kọjá orí bébà, ó fò kọjá ògiri, ó sì gún táǹkì omi màmá tó ń gbé nílé kejì sí wa. Omi tú jáde ṣùùrù.

Màmá aládùúgbò náà sáré jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ kún ojú wọn. "Ta ló ń ṣe irú èyí? Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Mo ti wà lórí eékún, mo ń bẹ̀bẹ̀. Àmọ́ bàbá mi ò gbọ́. Oòrùn ti bọ́ sára omi tó ń tú, wọ́n sì nawọ́ sí i. "Òṣùmàrè! Ẹ wò ó! Ẹ wo pupa lókè, ẹ wo àyìnrín nísàlẹ̀!"

Màmá náà nu ọṣẹ kúrò lójú. Àwọn gan-an ló máa ń di bàbá mi lọ́wọ́ mú kọjá gọ́tà nígbà tí wọn ò ríran. "Bàbá, ẹ rí i?"

"Mo rí i, ọmọ mi. Gbogbo ẹ̀ ni mo rí!"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ló bá di pé gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, aṣọ wa sì rin gbingbin. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà ni mo wá ẹni tó dí ihò táǹkì.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo sọ fún ọlọ́jà pé èyí tó ń yí ló tẹ́ mi lọ́rùn. Bàbá mi ní alábẹ́rẹ́ mẹ́ta ni.

"Bàbá, ẹ jàre," ni ọlọ́jà wí. "Ẹran kì í dúró de ẹni tó ń yí nǹkan."

"Ìyẹn náà wà níbẹ̀," ni bàbá mi dáhùn. "Àmọ́ ọdún mẹ́rin ni mo fi wo eérú. Ewé nìyí, pupa nìyí, yẹ́lò nìyí. Kí ni mo fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe?"

Mo dá èkejì padà.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, a lọ sílé ní Òkè-Ògùn. Àwọn àbúrò bàbá mi yẹ ọrun náà wò, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá wa dọdẹ àbí ẹ wá ṣeré?" Ní ìdájí, a dúró létí ibi tí iná ti jó. Ọ̀yà àkọ́kọ́ sáré gba àárín ẹsẹ̀ bàbá mi kọjá. Ẹ̀rín pa gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ta ọfà kankan. Èkejì yọ, ó dúró, ó ń gbọ́ òórùn.

"Èwo?" ni mo bi bàbá mi jẹ́ẹ́jẹ́.

"Pupa." Wọ́n fa ọrun, wọ́n ta á, ọ̀yà náà sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àbúrò wọn hó yèè, wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n wọn sókè, tọrun-tọfà.

Èmi ò pa nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹran, mo sì gbé ẹsẹ̀ kan tí a ti yan gbẹ bọ̀ wá sí Èkó. Lójú ọ̀nà, iwájú ni bàbá mi jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, gbogbo pátákó tó wà lójú títì ni wọ́n ń kà sókè: ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Nígbà tí a ó fi dé Abẹ́òkúta, awakọ̀ náà ti ń bá wọn kà á.