Ohun Tí Maylis Dà Sórí Ẹran

Bí o bá fẹ́ mú Maylis Dutrey bínú, tutọ́ níwájú rẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé bí àwọn olówò wáìnì ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á gbé ife sẹ́nu, wọ́n á yí wáìnì ká ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń fọ eyín, wọ́n á wo òkè àjà bí ẹni tó ń ronú, wọ́n á wá tu gbogbo rẹ̀ sínú garawa. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ti ń rí i, kò sì tíì mọ́ ọn lára. Wáìnì tí ènìyàn dáko rẹ̀ nínú òtútù, tí wọ́n tọ́jú sínú àgbá fún ọdún mẹ́rin, kí àgbàlagbà wá pò ó mọ́ itọ́, kí ó tu ú nù! "Màlúù gan-an kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ni ó máa ń wí. "Màlúù tó bá mu omi, ó gbé e mì."

Ọgbà àjàrà Barthélas ni wọ́n bí i sí, lórí òkè kan ní Gascogne, níbi tí o ti lè rí yìnyín orí àwọn òkè Pyrénées bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Bàbá rẹ̀ ló ń kan àgbá fún wọn, ìyá rẹ̀ ló ń sè fún wọn, nígbà tí Maylis sì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ ọkọ níbẹ̀, ó sì sin ọkọ níbẹ̀. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ni ilé rẹ̀, ti Barthélas ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀, tirẹ̀ ni. Nígbà ayé Monsieur Amédée Lartigau, ọ̀gá àgbà, wáìnì kan kì í kúrò ní Barthélas bí kò bá tíì kọ́kọ́ dé ilé ìdáná. Bàbá náà á gbé ìgò wá fúnra rẹ̀, á jókòó sórí àpótí, á ní, "Maylis, kí ni a ó jẹ mọ́ eléyìí?" Maylis á tọ́ ọ wò, á gbé e mì, á sì sọ ọ́. Wáìnì funfun tó kan díẹ̀, ẹja odò orí òkè ni, kí wọ́n fi bọ́tà dín in, kí wọ́n má ṣe fi nǹkan mìíràn bà á jẹ́. Funfun aládùn, wàràkàṣì àgùntàn, èyí tí èébu aláwọ̀ búlúù ti bò nínú. Pupa tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, àyà pẹ́pẹ́yẹ tí ọ̀rá rẹ̀ ṣì ń ta pàrà nínú páànù. Àgbà pupa wọn ńkọ́, èyí tó dúdú bí yíǹkì, tó ń so ẹnu pọ̀? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ màlúù ni, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú wáìnì kan náà mọ́jú, kí wọ́n sì sè é láti òwúrọ̀ títí ọ̀sán. Kò sí ìgbà tí Maylis fi wáìnì kan sè é, kí ó wá gbé òmíràn síwájú àlejò. Ó ka ìyẹn sí irọ́ pípa.

Monsieur Amédée kú, ọmọ rẹ̀ Thibaud sì ti ìlú ńlá dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Apolline, ọmọ Lyon. Wọ́n tẹ ìwé kan jáde tó ń sọ ohun tí àlejò lè jẹ mọ́ wáìnì wọn. Maylis kà á, orí rẹ̀ sì fò lọ. Ẹja tútù tí wọn kò sè mọ́ àgbà pupa! Ẹnu á máa run irin bí ẹni tó lá kọ́kọ́rọ́. Ṣokoléètì aláta ńkọ́? Àlejò kan tilẹ̀ ju yìnyín sínú ife àgbà pupa níṣojú rẹ̀, Thibaud sì ń rẹ́rìn-ín sí onítọ̀hún. Maylis wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èébú tó wà lẹ́nu òun.

Apolline kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ojú rẹ̀ kàn fẹ́ràn ohun tó dára jù ni. Ó ní àwọn garawa páànù tí àlejò ń tutọ́ wáìnì sí burẹ́wà nínú fọ́tò. Ó kó wọn dànù, ó ra jọ́ọ̀gì amọ̀ méjì, aláwọ̀ ilẹ̀, ọlọ́wọ́ kan, arẹwà. Kò sì sẹ́ni tó rántí sọ fún ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀, láti ayé ìyá Maylis, bí àwọn olówò bá ti tọ́ wáìnì wò tán, wọ́n máa ń da gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìgò pọ̀ sínú jọ́ọ̀gì amọ̀ kan, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ létí tábìlì fún alásè. Irú wáìnì bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tà mọ́, ṣùgbọ́n ní Barthélas, wọn kì í da wáìnì nù. Ibẹ̀ ni Maylis ti ń rí ohun tí ó ń dà sórí ẹran.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kejì, Madame Hermance Vauclin dé. Ilé oúnjẹ mẹ́sàn-án ló ní, ó sì kó mẹ́rìnlá nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá. Wáìnì pupa kan àti oúnjẹ kan ni ó ń wá, tí wọn yóò jọ máa wà lórí tábìlì ilé oúnjẹ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Thibaud ti sọ ọ́ ní gbangba: bí Madame Vauclin bá mú ti Barthélas, Barthélas yóò dúró. Bí kò bá mú un, a jẹ́ pé wọ́n máa ta ọgbà náà, ẹni tó fẹ́ rà á sì ti sọ pé òun máa wó ilé ìdáná àti yàrá ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn àlejò tọ́ wáìnì wò, wọ́n tu ú, wọ́n kọ̀wé, wọ́n lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì nínú ìlú. Madame Vauclin nìkan ni yóò padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, láti wá jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ màlúù.

Nígbà tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Maylis gòkè lọ síbi tábìlì tí wọ́n ti tọ́ wáìnì wò. Jọ́ọ̀gì amọ̀ kan wà létí rẹ̀, ó kún dé ọrùn. Inú rẹ̀ dùn. "Áà, àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ ṣe ojú àánú," ni ó wí. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó dà á sórí ẹran, ó kó àlùbọ́sà sí i, kárọ́ọ̀tì, aáyù, kànáfùrù àti èèpo ọsàn díẹ̀, ó sì dé e. Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ló gbé e kaná.

Agogo mẹ́wàá àbọ̀ ni Apolline yọjú.

"Màmá Maylis, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí jọ́ọ̀gì kan? Méjì ló yẹ kó wà lókè, ọ̀kan péré ni mo rí."

"Ṣé èyí tí mo fọ̀ síbẹ̀ yẹn? Gbé e. Wáìnì inú rẹ̀ ti wà lórí ẹran láti àná."

Apolline fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló dé? Àbí o lóyún ni?"

"Màmá, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ìgò ló wà nínú rẹ̀. A ti kó àwọn garawa dànù. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń tu ú sí."

Maylis wo ìkòkò. Òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ilé ìdáná, òórùn dáadáa, ìyẹn gan-an ló sì burú jù. Ṣíbí igi wà lórí ìdérí, òun ló fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò láti àárọ̀. Ó sáré débi ìfọwọ́, ó bì, ó tún bì, títí tí kò fi sí ohun tó ń jáde mọ́ ju omi lọ. Itọ́ ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ẹni tó ń fa sìgá wà nínú wọn. Ọkùnrin kan wà nínú wọn tí eyín rẹ̀ ti dúdú dé erìgì, Maylis rí i fúnra rẹ̀ nígbà tí ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi iyọ̀ fọ ahọ́n, ó fi ọtí kíkan fọ̀ ọ́, ó fi èékánná họ ọ́. Ara rẹ̀ kò balẹ̀.

Ó ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná nígbà tí Thibaud wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un.

"Ẹ gbé e padà."

"Kí n gbé kí ni padà?"

"Ìkòkò yẹn, Màmá Maylis. Ó ti ń hó fún wákàtí mẹ́rin, ó ku méjì. Kò sí kòkòrò tó lè yè é. Ẹ bù ú fún obìnrin náà."

"Mo ní pẹ́pẹ́yẹ nílẹ̀. Kò ní gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ."

"Pẹ́pẹ́yẹ wà nílé gbogbo ayé! Ẹran yìí ló tìtorí rẹ̀ wá. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀."

Maylis nu ọwọ́ sára épírọ́ọ̀nù. "Thibaud, ta ló ń nu ìdí rẹ nígbà tí o wà lọ́mọdé?"

"Ẹ̀yin ni, mo mọ̀, ẹ̀yin ni."

"Mo nù ún, kò rí mi lára. Ohun tí o sọ yìí ló rí mi lára."

Ojú Thibaud pọ́n. "Ó dáa. Bí obìnrin yẹn bá lọ láìmú nǹkan kan, yàrá wo lẹ máa sùn sí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá Maylis níbi tó ń dun ni. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò sì mọ ilé mìíràn ní ayé yìí. Ó gbé ìkòkò padà sórí iná. Fún wákàtí méjì, ó jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí ògiri kí ó má baà rí ìkòkò náà, ó sì ń fi ẹnu mí nítorí òórùn rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa kú. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa kú. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ó ti gba ṣíbí, ohun ẹlẹ́gbin kan kò tíì ti ọwọ́ rẹ̀ dé ẹnu ènìyàn rí.

Agogo méjìlá àbọ̀, àwọn mẹ́ta ló jókòó ti tábìlì. Madame Vauclin jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irun rẹ̀ funfun, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Thibaud ṣí àgbà pupa, ó da díẹ̀ sínú ife tirẹ̀ ná, ó mu ún, ó wá bu ti àlejò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí onílé mọ̀ bóyá wáìnì ti bàjẹ́ kí ó tó dé ẹnu àlejò. Apolline ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Maylis gbé ìkòkò dé. Ó ṣí i. Madame Vauclin mí sínú, ó sì ní, "Áà." Maylis bu àwo kan, ó kún dáadáa, ó kọjá lẹ́yìn àlejò, ó sì gbé e síwájú Thibaud.

"Madame ló kàn," ni Thibaud wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Rárá o, ọ̀gá mi," ni Maylis wí, ohùn rẹ̀ sì tutù. Níwájú àlejò, kì í pè é ní ìwọ. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mu wáìnì. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹran náà."

Thibaud rẹ́rìn-ín. Ó gé ẹran, ó fi fọ́ọ̀kì gún un, ó gbé e dé ẹnu. Ẹnu kò ṣí. Ó gbìyànjú, omi sì yọ lójú rẹ̀. Ọbẹ̀ ń kán láti orí fọ́ọ̀kì sórí aṣọ tábìlì.

Madame Vauclin yọ awò ojú rẹ̀. "Kí ló wà nínú ìkòkò yìí?"

"Itọ́ ni, Madame," ni Maylis dáhùn. "Wáìnì tí ẹ̀yin àtàwọn ènìyàn yín tu jáde lánàá. Èmi ni mo gbé jọ́ọ̀gì, èmi ni mo dà á sórí ẹran. N kò mọ̀ nígbà náà. A mọ̀ báyìí."

Apolline bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Madame Vauclin ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi aṣọ ìnuwọ́ bo imú, ojú rẹ̀ sì rí bí ẹni tó tẹ nǹkan nínú òkùnkùn. Ó yíjú sí Thibaud.

"Ẹ̀yin náà mọ̀?"

Thibaud kò gbójú sókè.

"Ẹ̀yin alásè, ṣé ẹ tọ́ ọ wò?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, Madame. Kí n tó mọ̀."

"Báwo ló ṣe rí?"

Bí Maylis bá fẹ́ purọ́, ìgbà yẹn ni ì bá pa á. Kí ó ní ahọ́n òun ti sọ fún òun, pé òun ti fura. Ó wo ìkòkò.

"Ó dùn, Madame. N kò sè èyí tó dùn tó o rí."

Madame Vauclin mú báàgì rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ fún Thibaud pé wáìnì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n òun kò lè ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó máa wo òun lójú kí ó sì ní kí wọ́n bu èyí fún òun. Wọ́n gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè.

Maylis wa kòtò jíjìn lẹ́yìn ilé, ó da ẹran náà sí i, ó lé ajá, ó sì ju ṣíbí igi sínú iná. Kí ewé àjàrà tó jáde ní ọdún yẹn, wọ́n ti ta Barthélas. Ọ̀dọ̀ ọmọ àbúrò rẹ̀ ló wà báyìí, ní Pau, nínú yàrá kan tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ó ṣì ń sè fún wọn. Bí ọbẹ̀ kò bá dùn, á fi iyọ̀ sí i, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìgbà tí ó bá tọ́ ọ wò tí ó dùn gan-an ni ẹ̀rù máa ń bà á, á dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ará ilé pé ta ló fi nǹkan sí i.