Tìmùtìmù Tí Benedict Rà fún Ìyá Rẹ̀

Agatha, àbúrò ìyá mi, ni gbogbo Okitipupa ń gbé iṣẹ́ tìmùtìmù lọ bá nígbà tí ogun Bìáfrà ń jà lọ́wọ́. Òwú igi àràbà ló fi ń kún ti àwọn tó rí já jẹ, koríko gbígbẹ ló fi ń kún ti àwọn tí apá wọn ò ká òwú. Ṣùgbọ́n kó tó relé ọkọ, ó ti ṣiṣẹ́ rí nílé àlejò àwọn òyìnbó onígẹdú. Ibẹ̀ ló ti mọ tìmùtìmù onísípíríńgì, torí òun ló ń tẹ́ ẹ, òun ló ń yí i padà. Nítorí náà, ẹni tó bá ra irú rẹ̀ láti Èkó, ọ̀dọ̀ Agatha ni yóò kọ́kọ́ gbé e wá, kó bá a wò ó bóyá ojúlówó ni.

Àjíṣafẹ́ lorúkọ ọkọ rẹ̀. Ọlọ́pẹ ni, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ Aládùúrà kan tó wà lẹ́bàá odò. Ìjọ náà kì í lo oògùn, ì báà jẹ́ ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀. Omi àdúrà àti ààwẹ̀ ni tiwọn. Agatha ti bí ọmọ méjì tí wọn ò dúró. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Olúwafẹ́mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò lọ́dún 1968 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún náà, jẹbẹtẹ ti gbé ọmọ lé àwọn abiyamọ lọ́wọ́. Ìgbóná ń jà, àìsàn tí àwọn àgbà kì í fẹ́ fi ẹnu wọn dárúkọ. Wọ́n ní ó ti wọ àwọn ìlú kan lọ́nà Èkó, pé ó ń pa ọmọdé, pé ẹni tí kò bá pa, ojú rẹ̀ yóò di gbágungbàgun títí ayé. Ìjọba ti rán àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ ìgbóná, tí a ń pè ní bupá, káàkiri. Wọ́n dé Okitipupa, ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ Àjíṣafẹ́ kò jáde sí wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Benedict Adésànyà, tó ń ra èkùrọ́ ní Òde-Ayé, fi lọ́rì gbé tìmùtìmù ńlá kan dé ẹnu ọ̀nà Agatha. Aṣọ rẹ̀ ń dán, òdòdó pupa wà lára rẹ̀.

"Ìyá Fẹ́mi," ó ní, "ìyá mi ni mo rà á fún. Ẹ̀yìn ò jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́. Ẹni tó tà á fún mi ní tuntun ni, inú ọkọ̀ òkun ló ti sọ̀ kalẹ̀. Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́."

Agatha tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀. Ó kọ́kọ́ jókòó sí etí rẹ̀, ó wò ó bóyá yóò rì. Kò rì. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó tẹ́tí bóyá irin inú rẹ̀ ń dún. Kò dún. Èyí tó dára jù nínú irú tìmùtìmù bẹ́ẹ̀, sípíríńgì kọ̀ọ̀kan ló ní àpò aṣọ tirẹ̀ tí wọ́n rán an mọ́, tó jẹ́ pé bí ẹni tó wà lápá kan bá yíra, ẹni tó wà lápá kejì kò ní mọ̀. Kó lè dán ìyẹn wò, Agatha gbé Fẹ́mi sí apá kan, òun náà ń yíra lápá kejì. Ọmọ kò mì rárá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó dojú bolẹ̀, ó sì ń fi èrìgì họ aṣọ náà bí ọmọ tí eyín ń yọ lẹ́nu rẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

Ojúlówó ni. Agatha fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde tán kó tó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín rẹ̀. Àwọn sípíríńgì ibẹ̀ kò ta padà bí ti yòókù. Ó tún un tẹ̀. Ibẹ̀ tẹ́, bí ibi tí ẹnì kan ti sùn pẹ́. Tìmùtìmù tuntun kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ó mú abẹ, ó tú ojú rírán rẹ̀. Abẹ́ aṣọ olódòdó yẹn ni aṣọ mìíràn wà, èyí tó ti gbó. Omi kan ti gbẹ mọ́ ọn, ó ya àwòrán ẹ̀yìn èèyàn síbẹ̀, láti èjìká dé ìdí. Níbi tí aṣọ ti ṣẹ́ po, nǹkan wẹ́wẹ́ kan kó jọ bí èèpo ìrẹsì. Ó fi èékánná ṣa ọ̀kan, ó gbé e súnmọ́ ojú. Èépá egbò ni.

Ó sọ fún mi pé òun kò pariwo. Ó gbá ọmọ mú, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi ọṣẹ dúdú bó o lára títí ọmọ fi ń ké. Ó fi ìka nu ẹnu rẹ̀, ó tún un nù. Lẹ́yìn náà ni òun pàápàá wẹ̀, ó wẹ̀, kò mọ ìgbà tó yẹ kí òun dẹ́kun.

Nígbà tí Benedict dé, ó bá tìmùtìmù náà níta, níbi tí Agatha wọ́ ọ sí.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbọ́n!" Agatha fi igi gbé aṣọ òkè sókè. Benedict tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó sì fẹ̀yìn rìn padà.

"Ṣé nǹkan tí mò ń rò yìí ni?"

"Èmi ò dárúkọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo ti sùn lé e. Ọmọ mi ti fẹnu sí i."

Benedict wá kẹrosíìnì, ó dáná sun ún lẹ́bàá igbó, èéfín rẹ̀ sì dúdú ju ti táyà lọ.

Àjíṣafẹ́ ti oko dé, ó gbọ́, ó wọ sútánà rẹ̀, ó wọ́n omi àdúrà sí gbogbo igun ilé.

"Bàbá Fẹ́mi, ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́," Agatha kúnlẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ kò wọ ilé yìí. Ọlọ́run tó fún wa lọ́mọ kò sùn."

"Méjì ni a ti gbé sin, Bàbá Fẹ́mi."

Ọkùnrin náà yíjú sí ògiri.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí ọkọ ti forí lé oko, Agatha pọn ọmọ, ó lọ bá àwọn tó ń gún bupá. Ọlátúndé ni olórí wọn, ọ̀dọ́kùnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó béèrè ìgbà tó sùn lé e.

"Àná ni."

"Ẹ yára wá. Bí a bá tètè gún un, ó lè ṣíwájú àìsàn náà. Mi ò lè ṣèlérí o, ìyá. Ẹ má ṣe dara pọ̀ mọ́ èèyàn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Abẹ́rẹ́ yìí fúnra rẹ̀ yóò mú ibà wá, kẹ́ ẹ má fòyà."

"Báwo ni n ó ṣe mọ ibà abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ibà àìsàn yẹn?"

Ọlátúndé la ọwọ́ ọmọ náà. "Ẹ máa wo ojú ọmọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí nǹkan bá sú síbẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí wa."

Ẹ̀rọ kan tó dà bí ìbọn ni wọ́n gbé ti apá wọn. Ó dún, ọmọ ké. Agatha kò padà sílé mọ́. Ahéré tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní oko Erinje ló gbà lọ.

Janet, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ló ń gbé púpurú ẹ̀gẹ́ àti ọbẹ̀ ẹja wá. Yóò gbé e sórí kùkùté, yóò lọ dúró lókèèrè.

"Àjíṣafẹ́ ní o dójú ti òun nínú ìjọ," ó pariwo láti ibẹ̀.

"Ṣé ó béèrè ọmọ?"

"Kò béèrè. Ṣùgbọ́n kò tíì jẹun láti ìgbà tó ti gbọ́."

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ara Fẹ́mi gbóná. Ara Agatha náà gbóná. Ojú abẹ́rẹ́ wú lápá àwọn méjèèjì. Ó ń la ọwọ́ ọmọ wò, ó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán, yóò tún wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sáàmù, kò lè parí rẹ̀, torí kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run tí òun ń ké pè ń bínú sí òun. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ibà náà le jù, ó rí i. Ààmì pupa kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ náà, ó yọrí.

Ibi tó ti ń wò ó ni Àjíṣafẹ́ ti yọ láti ọ̀nà oko, tòun ti sútánà rẹ̀.

"Ẹ dúró síbẹ̀!" Agatha ké. "Ó ti yọ sí i lẹ́sẹ̀! Ẹ má wọlé o!"

Ó wọlé. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà. "Bó bá jẹ́ ikú ni, kó bá gbogbo wa níbí," ó wí.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù wá ba Agatha, torí ọkọ rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́ kankan. Ó ní ti ọmọ kò tíì tán lọ́kàn òun, ti bàbá ọmọ tún kún un. Àwọn mẹ́ta jókòó nínú ahéré náà, ọkọ ń gbàdúrà, ìyàwó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ. Ààmì kejì kò yọ. Nígbà tó yá, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ náà ha ilẹ̀, Agatha sì rí ìjàlọ tó tò lọ lábẹ́ ẹní. Èèrà ló jẹ ọmọ.

Ibà náà lọ. Egbò apá wọn gbẹ, ó fi àpá sílẹ̀. Kò sí ohun tó sú sí ẹnikẹ́ni lára. Ọlátúndé wá wò wọ́n, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Benedict lọ sí Èkó lọ wá ẹni tó ta tìmùtìmù náà, ó bá ṣọ́ọ̀bù ní títì. Wọ́n sọ fún un pé ibùsùn àwọn òkú ni ọkùnrin náà máa ń rà, tí yóò rán aṣọ tuntun bò. Òkú ta ni, àìsàn wo ló pa á, kò sẹ́ni tó mọ̀. Bóyá ìgbóná ni, bóyá egbò lásán ni.

Àjíṣafẹ́ ní àdúrà ló gbà wọ́n. Agatha kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, bí ó bá ń bu omi ìwẹ̀wọ́ fún ọkọ, ó máa ń dọ́gbọ́n yí ọwọ́ rẹ̀ padà láti wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin náà béèrè pé, "Kí lo ń wá lọ́wọ́ mi?"

"Kò sí nǹkan kan," ó dáhùn, ó sì ń da omi náà lọ.