Ọsàn Tí Ọ̀gá Téèpù Mu

Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, kí yíǹkì gbẹ nínú kálàmù mi. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìwé. Èmi fúnra mi ni mo jókòó tì í títí ó fi yé mi, síbẹ̀ àwọn tó lọ sí yunifásítì ló máa ń wá bi mí bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹ fọkàn balẹ̀.

Aránṣọ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Téèpù, nítorí pé téèpù tó fi ń wọn èèyàn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú ilé ìwẹ̀. Bí èèyàn bá ń kọjá lọ ní òdìkejì títì, ó ti mọ bí ìbàdí onítọ̀hún ṣe fẹ̀ tó, ojú lásán ló sì fi mọ̀ ọ́n. Ara rẹ̀ nìkan ni kì í wọ̀n, torí téèpù náà kò yí i po mọ́. Ọkùnrin náà sanra! Bí ó bá mí kanlẹ̀, kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á tẹ̀lé èémí náà wọlé, á tún tẹ̀lé e jáde.

Ẹ̀rín lásán ni èyí ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ikùn ti wọ àárín òun àti maṣíìnì, kò rí ojú abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́, ìka rẹ̀ ló sì ń jìyà rẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé bí ó bá sùn, èémí rẹ̀ á dúró. Á kàn dákẹ́ lọ gbári. Bí ó bá tòògbé lórí àga lọ́sàn-án, ìyàwó rẹ̀ á sáré dé, á gbá a léjìká.

“Bàbá wọn! Ẹ mí o!”

Á fò dìde bí ẹni tó yọrí láti inú odò. “Mo ń mí. Ta ló sọ pé mi ò mí?”

Dókítà sọ ọ́ fún wọn láì fi bò: ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀ lábẹ́ ẹrù yẹn, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí wọ́n á gbá a léjìká tí kò ní dáhùn. Iṣẹ́ abẹ ló kù. Wọ́n á gé púpọ̀ dànù nínú àpò oúnjẹ inú rẹ̀, wọ́n á sì rán èyí tó bá ṣẹ́ kù pọ̀.

“Ìyẹn yé mi,” ni Ọ̀gá Téèpù wí. “Bí mo ṣe máa ń gé ṣòkòtò kù náà nìyẹn. Irú òwú wo lẹ ń lò?”

Nọ́ọ̀sì kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn rẹ̀ mú bí sísọ́ọ̀sì, mú un lọ sórí òṣùwọ̀n. “Bàbá, ọ̀rá ti kún inú ẹ̀dọ̀ yín, ó ti wú bo ibi tí dókítà fẹ́ fọwọ́ kàn. Ó gbọ́dọ̀ súnkì kí ẹ tó wọlé sọ́dọ̀ wa. Láti òní lọ, nǹkan mímu nìkan o. Nǹkan jíjẹ kò gbọdọ̀ kan ẹnu yín.” Ó lẹ bébà pupa tínrín kan mọ́ ojú òṣùwọ̀n. “Ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé báàgì yín dé, bí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n yìí bá kọjá àmì yìí, dókítà ò ní gbé ọ̀bẹ. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ló máa gba bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin á wá padà sí ìdí ìlà.”

Ìlà náà sì gùn. Abẹ́rẹ́ ni Ọ̀gá Téèpù ti ń fi jẹun láti kékeré. Kò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kan ṣì wà láyé tó lè lé òun kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n délé, ìyàwó rẹ̀ ti kíṣìnì pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Tíì ló ń fún un, àti omi ẹran tó sẹ́ kanlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ebi fẹ́ẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Gìgísẹ̀, oníbàtà tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ fara ti ògiri kan náà, ló káàánú rẹ̀, tó gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn wá.

“Gbà, kí o mu ún.”

“Ṣé kò léwu?”

“Wọ́n ní kí o mu nǹkan, àbí wọn ò wí? Ọsàn nìyí, mímu ni. Àní sìgá gan-an, mímu ni.”

“Sìgá kì í yóni, òpònú.”

Ló bá mu ọsàn. Ó mu ún láàárọ̀, ó mu ún lọ́sàn-án, ó mu ún títí tí oyin fi ń sìn ín relé.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ mú un lọ gun òṣùwọ̀n kẹ́mìsì ìtòsí, abẹ́rẹ́ kò sọ̀ kalẹ̀. Ó lé sí i! Obìnrin náà fà á lọ́wọ́ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

“Bàbá wọn, ẹ ń jẹun ní kọ̀rọ̀.”

“Mo fi orí mi búra, mi ò jẹ nǹkankan.”

“Afẹ́fẹ́ ló wá ń sanra?”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó tú abẹ́ tábìlì, ó tú inú àpò aṣọ oníbàárà, ó kọjá sọ́dọ̀ Gìgísẹ̀, ó ń ki ọwọ́ bọ inú bàtà.

“Ìyàwó wa, bàtà oníbàtà nìyẹn o! Ṣé inú sókìsì ló ń fi ẹran pamọ́ sí ni?”

Apẹ̀rẹ̀ èèpo ọsàn wà lójú ọ̀nà. Ó fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wá oúnjẹ lọ. Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì aránṣọ, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó fa ṣòkòtò kan yọ, tuntun, ojú rírán rẹ̀ mọ́ kedere. Ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kò lè gba apá ọkọ rẹ̀.

“Ta ló ni èyí?”

Ọ̀gá Téèpù wojú ilẹ̀. “Èmi ni.”

“Ẹ̀yin?”

“Ọjọ́ tí wọ́n ní àyè ti wà fún mi ní ọsibítù ni mo rán an. Mo fẹ́ máa wọ̀ ọ́ tó bá yá.”

Obìnrin náà jókòó. Ẹni tó ń jí oúnjẹ jẹ kò ní rán irú ṣòkòtò yẹn sílẹ̀. Ìyẹn gan-an ló wá dẹ́rù bà á. Bí kì í bá ṣe oúnjẹ, kí ló wá ń pa ọkọ òun?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti wà níwájú nọ́ọ̀sì.

“Kí lẹ fi kan ẹnu lánàá, Bàbá?”

“Tíì. Omi ẹran. Ọsàn.”

“Omi ọsàn?”

“Ọsàn.”

“Ṣé ẹ fún un sínú ife ni?”

“Ife kẹ̀? Mo bó o, mo mu ún.”

“Èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn omi rẹ̀ ńkọ́?”

“Inú tèmi náà ló lọ. Ṣé kí n fi ṣòfò ni?”

“Ó tó mélòó?”

Ọ̀gá Téèpù wo òkè àjà. “Apẹ̀rẹ̀ kan lójúmọ́. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, méjì.”

“Bàbá! Mo ní kí ẹ má jẹ nǹkankan!”

Aránṣọ náà na ọwọ́ sí i. “Ọmọ mi, dá mi lóhùn. Ṣé wọ́n ń jẹ ọsàn ni?”

Nọ́ọ̀sì rọra fèsì: “Wọ́n ń… wọ́n ń mu ún.”

“Ohun tí o wí ni mo ṣe.”

Dókítà ti wọlé bá wọn, ó sì ti mú bírò láti fa igi lé orúkọ Ọ̀gá Téèpù. Nọ́ọ̀sì dúró síwájú rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀bi ẹnu mi ni.”

“Mi ò lè fi àlàyé yọ ẹ̀dọ̀ kúrò lọ́nà,” ni dókítà wí. “Ọjọ́ tí a dá kò yẹ̀. Àmì pupa kò sì ní kúrò níbi tó wà.”

Nígbà tí Ọ̀gá Téèpù délé, ó gé aṣọ fẹ́lẹ́ tó máa ń fi sínú kóòtù, ó nà án mọ́ ẹnu ife. “Ohun tí kò bá gba ojú aṣọ yìí kọjá, kò gba ẹnu mi.” Ojú rẹ̀ rí nǹkan! Bọ́tìnnì funfun di bisikíìtì lójú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó na ọwọ́ gbá ògiri, ó ní òun ń gbọ́ bí Gìgísẹ̀ ṣe ń jẹ búrẹ́dì. Láti ọjọ́ yẹn, Gìgísẹ̀ ń lọ jẹ búrẹ́dì rẹ̀ ní ìpẹ̀kun títì, lórí ìdúró, nínú oòrùn.

Ọjọ́ pé. Ìyàwó rẹ̀ di báàgì: táwẹ́ẹ̀lì, ọṣẹ, sálúbàtà, ẹ̀wù àwọ̀sùn tó ṣí níwájú. Ọkọ rẹ̀ rí i tó tẹ́ ṣòkòtò kékeré náà sí ìsàlẹ̀ báàgì.

Gìgísẹ̀ ló gbé báàgì tẹ̀lé wọn dé ọsibítù. Òṣùwọ̀n wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Obìnrin kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì, báàgì tirẹ̀ náà lórí ẹsẹ̀: òun ló kàn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ló tẹjú mọ́.

Ọ̀gá Téèpù gun orí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ sáré, ó kọjá àmì pupa, ó ń gbọ̀n níbẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Ó bọ́ aago ọwọ́. Ó ṣì fi bí ìbú òwú kọjá.

“Téèpù, Bàbá,” ni nọ́ọ̀sì wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó yọ téèpù lọ́rùn. Abẹ́rẹ́ kò mira. Dókítà mi orí. Obìnrin orí bẹ́ǹṣì ti dìde dúró.

“Ẹ dúró ná!” Ìyàwó rẹ̀ ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, ó sì fa sísọ́ọ̀sì onírin kan yọ, tó lè gé ọkọ̀ ojú omi sí méjì. “Bàbá wọn! Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe níbí?”

“Mo fẹ́ yá dókítà ni. Tirẹ̀ lè má mú.”

Abẹ́rẹ́ sọ̀, ó gbọ̀n, ó wá tẹ̀ lé orí àmì pupa gan-an. Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún wò ó.

“Kò kọjá. Ẹ wọlé.”

Obìnrin orí bẹ́ǹṣì padà jókòó jẹ́ẹ́. “Ẹ kú oríire, sà,” ni ó wí. “Ẹ ṣáà tètè jáde fún wa.”

Ìyàwó rẹ̀ fi téèpù kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó gbá sísọ́ọ̀sì mọ́ àyà. Bí ilẹ̀kùn ṣe ń padé, ó kígbe tẹ̀lé e: “Bàbá wọn! Ẹ mí o!”

Ohùn rẹ̀ dáhùn láti inú lọ́hùn-ún: “Mo ń mí!”

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kí ó lọ bi Gìgísẹ̀. Ó wà láàyè, ó ń kan bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, òun ló sì kan bàtà tí Ọ̀gá Téèpù ń wọ̀ sí ṣòkòtò kékeré náà lónìí. Ẹ ṣáà má gbé ọsàn dání.