Mo Mú Gbogbo Kọ́ọ̀sì

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń fi tipátipá jẹ iyán tán nílé ìyá mi ní Kabba. Nílé wa, ẹni tó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù ni wọ́n ń bi léèrè. Iyán tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣẹ́kù lọ́jọ́ kan ni ìyá mi fi mọ̀ pé ó ti lóyún, kí ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí tèmi dé, tó sì jẹ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ààyè wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, mò ń jẹ ẹ́ tán, màá wá lọ bì í sẹ́yìn ilé. Ẹni tó fún mi lóyún kò sá. Àmọ́ ìyá mi ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé òun bí ẹnjiníà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu?

Ọgbọ́n iyán yìí náà ni mo gbé lọ síbi yíyan kọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ká yàn wọ́n lórí kọ̀ǹpútà, ká tẹ fọ́ọ̀mù jáde, kí olùkọ́ tó ń tọ́ wa sọ́nà fọwọ́ sí i. Àwọn kan pọn dandan, àwọn kan wà fún ẹni tó bá wù. Èmi mú gbogbo rẹ̀: ìṣirò, físíìsì, kẹ́místrì, iṣẹ́ ọwọ́ ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń jó irin, títí dé èyí tí n kò mọ ohun tó dá lé. Mo ní bí mo bá fi ẹyọ kan sílẹ̀, wọ́n á bi mí pé kí ló dé, wọ́n á sì lé mi. Ẹ ò rí i pé orí mi pé!

Olùkọ́ náà, ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Ìyàrá nítòsí Kabba ni. Mo kúnlẹ̀, mo kí i bí a ṣe ń kíra nílé: “Okun o, mà.”

“Okun, ọmọ mi.” Ó wo fọ́ọ̀mù, ó wò mí. “Ìwọ nìkan lo fẹ́ jẹ gbogbo èyí?”

“Bí a ṣe ń jẹ iyán nílé ni, mà. A kì í ṣẹ́ ẹ kù.”

Ó wo ikùn mi. “Èmi náà ti jẹ irú iyán bẹ́ẹ̀ rí. Oṣù mélòó?”

Mo bú sẹ́kún. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má lé mi.”

“Ta ló lé ọ? Oko tí apá ẹni ká là ń dá.” Ó fagi lé márùn-ún nínú wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ wọ́kíṣọ́ọ̀bù, ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ pé: ọdún tó ń bọ̀. Ó fọwọ́ sí i. “Mo ti ṣe tèmi. Ó ku ti ìyá rẹ.”

Mo wọkọ̀ padà sílé lọ́jọ́ náà. Mo ṣẹ́ iyán kù. Ìyá mi wo abọ́, kò bínú rárá.

“Ó tó gẹ́ẹ́,” ó ní. “Àwọn adìẹ mi ti sanra jù sẹ́yìn ilé.”

Sẹ̀mẹ́sítà kan ṣoṣo ni mo ṣe kí ọmọ tó dé. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí, ìwé mẹ́wàá tí mo fi wọ yunifásítì nìkan sì ni mo ṣì ní lọ́wọ́. Bó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù, n kì í bi í léèrè. Màá bá a jẹ ẹ́ ni. Fọ́ọ̀mù yẹn wà nínú Bíbélì mi. Pẹ́ńsùlù olùkọ́ yẹn ti ń parẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣe é kà: ọdún tó ń bọ̀. Lọ́dọọdún ni mò ń ṣí i wò, lọ́dọọdún ló sì ń jẹ́ òótọ́.