Ẹ̀rọ Ìlọta Tó Ń Gbé Orin Mi

Òórùn ata rodo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, tó dà pọ̀ mọ́ èéfín ẹ́ńjìnnì, ló máa ń jí mi láràárọ̀ nígbà tí mo ń gbé yàrá kan ní Ìkòsí. Fèrèsé mi kọjú sí abà páànù tí bàbá kan, ará Òkè-Ògùn, ti ń bá àdúgbò lọ ata. Ojú mi a máa ṣomi láti àárọ̀, ṣùgbọ́n bí ojú bá ń sunkún, a máa ríran. N kò bínú sí abà yẹn rí, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá orin.

Akọrin ni mí nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kẹ́tù. N kò mọ dùùrù tẹ̀, n kò mọ gìtá ta. Agogo lásán tí wọ́n bá gbé lé mi lọ́wọ́, ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbà ni mo máa ń lù ú gbà. Ohùn nìkan ni Ọlọ́run fún mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bàbá yẹn bá ti gbéra, yóò di ohùn kan mú bí ẹni tó ń kùn. Bí wọ́n bá da ata sí i, á wálẹ̀ díẹ̀. Bí ata bá tán nínú rẹ̀, á tún gòkè. Mo ń fọ abọ́, mo ń gbálẹ̀, mo ń kùn tẹ̀ lé e. Ibi tó ti ń wálẹ̀ ni mo fi ẹsẹ sí, ibi tó ti ń gòkè ni mo fi ègbè sí. Báyìí ni orin mi àkọ́kọ́ ṣe wáyé: “Olúwa, má jẹ́ n dákẹ́ kí orin mi tó parí.” Inú mi dùn débi pé mo sunkún, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ata lọ́jọ́ náà.

Orin tuntun kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ mú fún ìkórè ọdún náà. Mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi, torí màmá mi, tí wọn ò gbà pé iṣẹ́ gidi ni orin, ti ṣèlérí pé àwọn máa wá gbọ́. Arákùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù bi mí pé, “Sister, key wo nìyẹn?” Mo ní n kò mọ̀. Ó wá a títí, kò rí i. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi dé Ìkòsí, ó sì gbé kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ wá lọ́sàn-án Sátidé kan. Bàbá alọta tan ẹ́ńjìnnì fún wa láìsí ata nínú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: “Ọmọ mi, ẹ̀rọ tèmi náà ti di akọrin!” Arákùnrin náà tẹ bọ́tìnnì kan, ó lọ sílẹ̀ jù. Ó tẹ èyí tó tẹ̀ lé e, ó ga jù.

“Àárín ló wà, Sister. Kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù mi, e no dey. Ẹ kàn gbé e sókè díẹ̀.”

Díẹ̀ yẹn ló pa mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan orin, mo bẹ̀rẹ̀ níbi tí kíbọ́ọ̀dù ní kí n ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó dé ègbè, ohùn mi ti yọ́ padà sílé, sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Orin àti kíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Àwọn kan fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Olórí akọrin ò bú mi. Ìbá sàn ká ní wọ́n bú mi. “Ohùn ẹ dáa, my sister. Jẹ́ káwọn tó mọ kíbọ́ọ̀dù máa compose, ìwọ sáà máa bá wa kọ ọ́.”

Lọ́jọ́ ìkórè, màmá mi jókòó níwájú, wọ́n tẹ́tí sí orin ẹlòmíràn títí dé ìparí. “Èyí tí ẹ kọ yẹn, ṣé tìẹ ni?” Mo ní, “Rárá, Mà.” Wọn ò bi mí léèrè orin mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà ni onílẹ̀ wó abà páànù yẹn láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, bàbá alọta sì gbé ẹ́ńjìnnì wọn padà sí Òkè-Ògùn. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ orin mi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti lọ dúró nídìí ẹ̀rọ ìlọta ní Mile 12 àti ní Alápẹ̀rẹ̀ láìgbé ata lọ́wọ́, tí wọ́n ń wò mí bíi wèrè. Kò sí èyí tó dún bíi tiwa. N kò ṣẹ̀dá orin mìíràn mọ́. Nígbà kan, mo máa ń yangàn pé ọ̀fun lásán ni mo fi ń ṣẹ̀dá orin, pé n kò ní ohun èlò kankan. Irọ́ ni. Mo ní in. Ìgbà tí ẹni tó ni ín gbé e lọ ni mo tó mọ̀.